Ìjẹṣu ní Leeds: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ iṣu?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Èkìtì ni mí, Leeds ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Lọ́dọọdún tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé ni màmá mi máa ń fi fídíò Ìjẹṣu, ọdún iṣu tuntun wa, ránṣẹ́ sí mi, ọkàn mi á sì máa fà sílé. Lọ́dún yìí mo fẹ́ ṣe é níbí kí àwọn ọmọ mi lè mọ̀ ọ́n, kí n sì pe àwọn aládùúgbò àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní eré ọmọdé ni mo fẹ́ ṣe, pé níbi tí kò bá ti sí ọba, kò sí Ìjẹṣu. Ọkọ mi, tó jẹ́ díákónì nínú ìjọ wa, ń bẹ̀rù pé kó má lọ di òrìṣà bíbọ. Ẹnì kan tún sọ pé iṣu Gánà ni gbogbo iṣu tí à ń rà níbí, kì í sì í ṣe iṣu tuntun. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé lọ́dún tó kọjá, mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí, mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ wa. Ẹni méjì péré ló tọ́ ọ wò. Inú bíìnì ni ìyókù bá lọ. Iléèwé àwọn ọmọ náà tún ti ní kí n wá fi nǹkan ilẹ̀ wa hàn wọ́n. Ṣé kí n tiẹ̀ dán an wò mọ́?"

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ohun mẹ́rin lo so pọ̀ nínú lẹ́tà yìí: ọba tí kò sí, ìjọ tó lè bínú, iṣu tí wọ́n ní kì í ṣe tuntun, àti iyán tó wọ inú bíìnì. Mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu ẹlòmíràn lo ti gbọ́ wọn. Ìkẹrin ni tìrẹ gan-an, òun ló sì jẹ́ kí o máa bi mí bóyá kí o tiẹ̀ dán an wò mọ́. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olóúnjẹ ni mo fi ń jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti se oúnjẹ ọdún fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lóríṣiríṣi, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀wọ̀, títí dórí àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò tí wọ́n ń ṣe Iri Ji tiwọn. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni màá fi dá ọ lóhùn.

Iyán tí wọn kò jẹ yẹn, kì í ṣe ìwọ ni wọ́n kọ̀. Rò ó wò bó ṣe rí. O gún un láàárọ̀ kùtù, o fi ọ̀rá wé e, o kó o sínú kúlà, o gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ara rẹ̀ ti yi, inú rẹ̀ ti le. O gbé e sínú maikirowéèfù, etí rẹ̀ gbóná janjan, àárín rẹ̀ sì tutù síbẹ̀. Tí iyán bá ti tutù, ohun inú iṣu tó ń jẹ́ kó máa fà á gan pọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè gbé e kaná tó máa padà rí bó ṣe rí lójú odó. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé iyán wọ bọ́ọ̀sì rí. Ìwọ fúnra rẹ, tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ síwájú rẹ nílé onílé, wàá kàn fi ìka kàn án lásán ni, wàá ní o ti yó.

Èkejì, iyán kì í ṣe oúnjẹ àkọ́kọ́ tí à ń fi pàdé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tiwa, láti ìgbà tó ti ń rá kòrò la ti ń fi òkèlè kékeré sí i lẹ́nu, ó ti mọ̀ pé wọn kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu, pé gbígbé mì ni. Àgbàlagbà tó kọ́kọ́ rí i lẹ́ni ogójì ọdún kò ní irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀. Á fi sẹ́nu, á máa jẹ ẹ́ ṣá, á máa lẹ̀ mọ́ ọn léyín, á sì máa wò ọ́ bóyá o ń wo òun. Wá fi ọwọ́ fífi jẹun kún un, níwájú ọ̀gá, lórí tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà, tí kò sí omi ìfọwọ́ nítòsí. Òórùn ẹja gbígbẹ àti irú náà kì í ṣe kékeré nínú kíṣìnì ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ara tó ń kọ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Oúnjẹ mẹ́rìnlá ni òfin ìlú Ọba là sílẹ̀ tí olóúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ bó bá wà nínú ohun tó ń tà, nítorí wọ́n lè ṣe àwọn ẹlòmíràn ní nǹkan. Edé wà nínú wọn, ẹja wà nínú wọn, ẹ̀pà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí edé ń ṣe ní nǹkan kò ní dá ọ lẹ́jọ́, kò sì ní bi ọ́, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ó ń ta sánsán, á kọjá. Mùsùlùmí tí kò mọ ibi tí o ti ra ẹran náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Tí o bá ti kọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, kí o gbé e síwájú ìkòkò, ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì yẹn di mẹ́fà.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni iṣu sísun àti dùńdún. Gé iṣu náà sí ìbù gígùn tòun ti èèpo, tan ófùnù sí 200, jẹ́ kó wà níbẹ̀ bíi wákàtí kan, kí o máa yí i padà. Nígbà tí èèpo bá ti dúdú, tó sì ń là, mú ọ̀bẹ kí o họ ọ́ títí ara tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á fi yọ, tó máa ń ró kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ ọ̀bẹ. Epo pupa díẹ̀, iyọ̀, ata gígún, ó parí. Kò sí ará ìlú Ọba tí mo gbé e fún tó bi mí bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Dùńdún pẹ̀lú ata díndín náà kò ní wàhálà, nítorí ànàmọ́ Òyìnbó díndín ti mọ́ wọn lára. Tí o bá rí ewùrà rà, rin ín, fi àlùbọ́sà àti ata sí i, fi ṣe ọ̀jọ̀jọ̀. Àwo rẹ̀ kì í pẹ́ ṣófo. Iyán ní tirẹ̀, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó bá wá sílé rẹ. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí i bí wọ́n ṣe ń gún un, tí àwọn náà á fi ọwọ́ ara wọn gbá ọmọ odó mú, tí wọ́n á máa gún un tòun ti ẹ̀rín. Ẹni tó bá ti làágùn sí i, á tọ́ ọ wò.

Nípa iṣu Gánà, ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ pa òótọ́ pọ̀ mọ́ irọ́. Òótọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣu funfun tó wà lọ́jà ìlú Ọba, Gánà ló ti ń wá. Nàìjíríà ló ń gbin èyí tó ju ìdajì iṣu gbogbo àgbáyé lọ, àmọ́ ilé la ti ń jẹ ẹ́ tán. Àwọn ará Gánà ló ti pẹ́ lẹ́nu kíkó o sínú páálí lọ sókè òkun. Lọ́dún 2017, nígbà tí Audu Ogbeh jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba tiwa náà kó iṣu ránṣẹ́ sí ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, síbẹ̀ páálí Gánà lo máa rí tí o bá wọ ọjà Kirkgate lọ́la. Ṣùgbọ́n puna tó wà nínú páálí yẹn, ìdílé iṣu funfun kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń gbìn lẹ́yìn ilé yín ni. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i, àkókò kan náà ni wọ́n ń wà á. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá ń fi iṣu ṣe ìlú-mi-ìlú-rẹ, bi í pé ibo ló ti ra èyí tó jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ibi tí ẹni náà ti jàre ni pé iṣu tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní oṣù keje lè jẹ́ iṣu èṣí. Iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà kì í hù kíákíá, á sùn fún oṣù bíi mélòó kan kí èhù tó yọ lórí rẹ̀. Nítorí náà, tí o bá rí iṣu tó ní èhù ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé tuntun ni. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ èhù náà kúrò, wo orí iṣu dáadáa, wàá rí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Iṣu èṣí á ti hunjọ díẹ̀, á fúyẹ́ lọ́wọ́, á sì dùn lẹ́nu. Tuntun máa ń wúwo, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná àtàǹpàkò lè bó o, tí o bá sì gé e, oje á yọ, á máa yọ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ á sì máa yún ọ. Ní kí ọlọ́jà gé orí rẹ̀ fún ọ kí o tó sanwó. Ẹni tí kò bá gbà, fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Láti bíi ìparí oṣù kẹjọ lọ ni tuntun máa ń kún ojú páálí dáadáa, èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí màmá rẹ ń jẹ tiwọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni tìrẹ ṣì máa wà lójú omi. Mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú pé kí wọ́n fi ọdún náà sí oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n má sì tijú rẹ̀. Nílé náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Má fi iṣu sínú fíríìjì o. Tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú rẹ̀ á máa dúdú, á sì rà. Gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i lórí ilẹ̀, kí ó má fara kan ara wọn. Ti pé kí ẹnì kan fi báàgì gbé e wá láti ilé, gbàgbé rẹ̀: iṣu tútù nílò ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn, ẹran àti wàrà kò sì gbọdọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹran ìgbẹ́ tí ọkọ rẹ lè máa rántí, kó máa rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó kúrò nílé ní kékeré kì í mọ̀. Iṣu tuntun gan-an kì í gún dáadáa. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ máa ń dẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, kì í fà bí ti iṣu èṣí. Nílé, sísun àti sísè la máa ń kọ́kọ́ fi àwọn àkọ́wà ṣe. Tí o bá fẹ́ gún un fún àlejò, pa méjèèjì pọ̀, kí èṣí pọ̀ ju tuntun lọ. Kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kókó á wà nínú rẹ̀, kókó yẹn ló sì máa ń ba àlejò lẹ́rù jù. Póńdó ńkọ́? Mi ò ní pa irọ́ fún ọ, mo máa ń rò ó fún àwùjọ tó bá pọ̀, kò sì sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọdún tí ọmọ kò ti fojú rí iṣu tòun ti èèpo àti erùpẹ̀ rẹ̀, inú paali póńdó ló máa rò pé iṣu ti ń hù.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, má bá a jiyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbòǹgbò. Ìlú Ọba ni wọ́n ń pe ibi tí ẹ wà, òun ní kò sí ọba tiwa níbẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tiwa, iṣu tuntun kò gbọdọ̀ wọ ọjà kí ọba tó tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì tó ṣe ètùtù tó yẹ. Àwọn àgbà àgbẹ̀ máa ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Oṣù kẹfà sí ìkeje ni ebi máa ń pa ènìyàn jù lóko: iṣu èṣí ti tán, tuntun ṣì ń dàgbà lábẹ́ ebè. Ẹni tí ebi ń pa á fẹ́ wà á. Tó bá wà á láìtíì gbó, èyí tó kéré, tó kún fún omi ló máa rí, kò ní pẹ́ rà. Àgbẹ̀ tó gbọ́n, tó bá tó àkókò, á fara balẹ̀ tú ebè, á gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí, á tún fi erùpẹ̀ bo gbòǹgbò padà kó lè tún ta, èyí tó máa fi ṣe ẹbu ọdún tó ń bọ̀. Tí gbogbo ìlú bá fi ìkánjú ya bo ebè, ẹbu bàjẹ́ nìyẹn, ìyàn ọdún tó ń bọ̀ ti dé. Èèwọ̀ tí wọ́n dì mọ́ ẹnu ọba ló ń dá gbogbo ọwọ́ dúró. Tí ọba bá ti jẹ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ìlú ni ọba ń ṣí. Ìlẹ̀kùn ilé wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí ọba bá ti jẹ tirẹ̀, baálé á gbé tirẹ̀ wá sílé, á ṣàdúrà, wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún àwọn àgbà, àwọn àna, ẹni tí kò ní oko, opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí àwọn tó wà á tó jókòó tì í. Ìwọ kò dá ìlú sílẹ̀ ní Leeds, ilé lo dá sílẹ̀, ti ilé yìí sì ni èyí tó kàn ọ́. Ohun méjì ni egungun rẹ̀: kí ẹ dúró de iṣu, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kí ẹ tó jẹ. Ohun tó kù, aṣọ, ìlù, ọbẹ̀, ẹran ara ni, ibi tí ó bá ti ṣeé ṣe ni kí o fi sí i. Nítorí náà, sọ fún àwọn ọmọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, iṣu kò ní wọ ilé yín títí di ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n á ráhùn, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ràn dùńdún. Ìráhùn yẹn wà lára ọdún.

Kì í ṣe ìwọ ni àkọ́kọ́ tó máa ṣe ọdún iṣu láìsí ọba. Àwọn ará Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọdún Ògìyán wọn, òrìṣà tó fẹ́ràn iyán ju ohunkóhun lọ. Ìlú á pín sí méjì, wọ́n á máa fi pàṣán na ara wọn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò rí Ògìyán Èjìgbò mú dání. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ní Bahia ń ṣe ọdún tí wọ́n ń pè ní Pilão de Oxaguiã, ọdún odó Ògìyán, wọ́n á gbé iṣu tí kò ní iyọ̀ tí kò ní epo pupa síwájú òrìṣà, wọ́n á pín in, wọ́n á sì fi ọ̀pá àtòrì kan ara wọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Nà-mí-n-nà-ọ́ ti di ìfọwọ́kàn, iṣu ibẹ̀ kò sì rí bákan náà pẹ̀lú tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ará Èjìgbò tó máa dé ibẹ̀ tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo máa kìlọ̀ fún ọ nípa rẹ̀ ni òdìkejì: má lọ wá ẹnì kan kí o fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn kí o pè é ní ọba Leeds nítorí fọ́tò. Mo ti rí irú rẹ̀ níbi tí mo ti ń se oúnjẹ, ẹjọ́ ẹni tó yẹ kó jókòó sórí àga yẹn pẹ́ ju jíjẹ iṣu lọ, ìyá àgbà mẹ́ta sì kó ike wọn lọ sílé láìjẹun.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ gba sùúrù. Mi ò ní sọ fún un pé oúnjẹ lásán ni Ìjẹṣu, torí kò rí bẹ́ẹ̀, díákónì tó bá dàgbà sí Èkìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú púpọ̀ ó so mọ́ Ògún, mọ́ Ifá, mọ́ àwọn tó ti lọ. Wo ọdún Igogo ti Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án: ọ̀rọ̀ iṣu tuntun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba wọn àtijọ́, ni wọ́n ń rántí, wọn kì í lu ìlù, agogo ni, Ọlọ́wọ̀, ọba wọn, fúnra rẹ̀ á dirun, á sì wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ẹni tó bá sọ pé ọdún iṣu lásán ni gbogbo ìyẹn ń fi ojú kéré àwọn tó ń ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa ti pàdé ìbéèrè yìí tipẹ́, ìdáhùn wọn sì ni Ìkórè: iṣu, àgbàdo àti adìyẹ tí wọ́n ń gbé wá síwájú pẹpẹ. Bí ọkọ rẹ bá lè gbàdúrà lórí iṣu ní Ìkórè, ó lè gbàdúrà lórí rẹ̀ nílé. Kí ẹ fi ètùtù sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ fi í sílẹ̀, pé àwọn kan nílé ṣì ń ṣe é. Tí ìjọ bá sọ pé rárá síbẹ̀, ìyẹn kọjá agbára mi. Ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ máa jùmọ̀ pinnu, kò sì sí iṣu tó tó ìjà nínú ilé.

Wàyí o, ta ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ni. Mú iṣu kan tó gùn, tó dára, tútù ni o, kí o má bó o, kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ gbé e lọ bá a ní ilé rẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ ní kó wúre sí i. Òun ni àgbà ilé ọkọ rẹ nítòsí, ipò rẹ̀ ni, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa kùn, ṣùgbọ́n á máa kùn lórí àga rẹ̀ láàárín yín. Lẹ́yìn náà, pe màmá rẹ lórí fóònù fídíò, kí òun náà súre láti ọ̀hún. Lẹ́yìn wọn ló wá kan àwọn ìyá àgbà nínú ìjọ yín tí kò sí ọmọ nítòsí wọn. Iṣu tútù ni kí o gbé fún wọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Àwọn aládùúgbò wá kù. Tí o bá súnmọ́ àdúgbò Chapeltown ní Leeds níbẹ̀, àwọn tí ìdílé wọn wá láti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká ni kí o kọ́kọ́ pè. Iṣu kò ṣàjèjì sí wọn. Iṣu pupa tí wọ́n ń jẹ ní Jàmáíkà, ilẹ̀ tiwa ló ti bá àwọn baba ńlá wọn wọ ọkọ̀, ní Trelawny wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ọdún iṣu ní àkókò Àjíǹde. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí èèyàn gbé oúnjẹ àti ìlù jáde sí títì níbi tí kì í ṣe ilé: láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe kánífà tiwọn ní Leeds, ní Mọ́ńdè ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ. Má fi tìrẹ sí ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa wá. Ìyá kan láti Jàmáíkà tó bá gbé iṣu pupa tirẹ̀ wá sórí tábìlì rẹ á ṣàlàyé nǹkan fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ju bí ìwọ ṣe lè ṣàlàyé lọ. Fún Òyìnbó, má gbé iṣu tútù lé wọn lọ́wọ́ láìsọ ohunkóhun. Á yún wọn lọ́wọ́, ẹlòmíràn á sì gé e sínú sàláàdì ní tútù, inú á run ún. Gbé èyí tí o ti sun fún wọn.

Odó kò yẹ kó dá ọ dúró. Tí ẹ bá wà nílé alájà, tí ẹnì kan ń gbé nísàlẹ̀ yín, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọgbà, tàbí kí o tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní ìlọ́po sábẹ́ rẹ̀, kí o sì ti lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún kó tó di ọjọ́ náà, kí o sọ pé ariwo máa wà ní aago méjì ọ̀sán fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì gòkè wá jẹun. Ọbẹ̀ méjì ti tó, ọ̀kan láìní ẹran àti edé. Má jẹ́ kí oúnjẹ gbígbóná jókòó lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ. Má ta á o. Àsè tí o fi pe ènìyàn sílé kò kan òfin, ṣùgbọ́n tí o bá ti ń gbowó lọ́wọ́ wọn léraléra, o ti di olóúnjẹ nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní láti mọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Iléèwé ló kù. Wọ́n máa wà ní ìsinmi jálẹ̀ oṣù kẹjọ, wọ́n á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, nítorí náà má ṣe so wọ́n mọ́ ọjọ́ tilé. Oṣù kẹwàá ni kí o bá wọn dá, oṣù tí wọ́n ti ń fi rántí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Ọba láti 1987. Àwọn olùkọ́ á ti máa wá ẹni tó máa wá, iṣu náà á sì ti gbó sí i. Kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, kí o béèrè bóyá wọ́n gbà kí wọ́n gbé oúnjẹ wọ kíláàsì, nítorí àwọn iléèwé kan kò gbà á rárá. Bí wọn kò bá gbà á, gbé odidi iṣu kan àti ọmọ odó lọ láìsí oúnjẹ, jẹ́ kí wọ́n gbé e wò bó ṣe wúwo tó, kí ọmọ rẹ fúnra rẹ̀ sì sọ fún wọn ìdí tí kò fi jẹ dùńdún fún odindi oṣù kan.